Ọkọ̀ Òfuurufú Tó Ń Rọra Lọ

Tàjùdíìnì ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé tó bá di Ọjọ́bọ̀, kó jókòó síwájú ilé wọn ní Ẹ̀jìgbò, kó sì gbójú sókè. Alhaja Sìdíkàt ti gbé Àbíjàn pẹ́, kò sì ka iṣẹ́ tí kì í bá ṣe òwò sí iṣẹ́. Kàmọ́rù, àbúrò Tàjù, ti ní ṣọ́ọ̀bù méjì níbẹ̀. Tàjù ní tirẹ̀ wà ní Ìlọrin, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Màmá ní bí òun bá fojú ara òun rí i pé Tàjù mọṣẹ́, òun ò ní dárúkọ Àbíjàn sí i létí mọ́.

Ẹlòmíì ì bá kàn fi eré kọjá, kí ariwo ẹ́ńjìnnì gba ìlú kan. Ti Tàjù kọ́. Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà ló fẹ́ fi han ìyá rẹ̀: kí eré ọkọ̀ dínkù títí tí yóò fi ku díẹ̀ kó já bọ́, kó má sì já bọ́.

Qàwíyyàt, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ló ń wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, Tàjù sì jókòó tì í. Eré kì í dẹ́rù ba ọmọbìnrin yìí rárá, ìrọra lọ ló ń bà á lẹ́rù. Nígbà tí wọ́n kọjá Ifẹ̀-Ọ̀dàn tí wọ́n dé òkè Ẹ̀jìgbò, ó dín iná kù. Ọkọ̀ gbé imú sókè, ó ń wọ́ lọ bí arúgbó tó ń gun òkè. Lójijì ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rù ba Qàwíyyàt, ó fa ọ̀pá tó fi ń darí ọkọ̀ mọ́ àyà, imú ọkọ̀ tún lọ sókè sí i.

"Imú! Rẹ imú ẹ̀ sílẹ̀!" ni Tàjù wí. "Tó bá ti ń gbọ̀n, má gbé imú sókè mọ́. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kó o sì tẹná."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ dorí kodò díẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó tún un ṣe, lọ́tẹ̀ yìí ọkọ̀ rọra ń lọ lórí ìlú láìgbọ̀n rárá. Inú Tàjù dùn débi pé ó juwọ́ sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Qàwíyyàt tẹná, wọ́n sì fi eré gba ọ̀nà Ìlọrin lọ.

Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ ló pe ìyá rẹ̀, ó sì gbé ohùn fóònù sókè kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè gbọ́ bí wọ́n ṣe máa yìn ín.

"Ọlọ́run ló yọ ẹ́!" ni Màmá ké. "Mo ti ṣe sàráà. Gbogbo àdúgbò ló rí i bí ọkọ̀ yín ṣe ń kú lọ lókè. Ó dákẹ́, ó gbọ̀n, ó dorí kodò! Ta ló wá gbà á lọ́wọ́ ẹ, tó sáré gbé e lọ sílé? Onítọ̀hún mọṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Tàjù wọra. "Màmá, ẹ ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí!" Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè. "Ohun tó le jù ni mo..."

"Èmi lò ń jágbe mọ́, Tàjù?" Ohùn ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ọ̀gá," ni Qàwíyyàt rọra wí, "imú."

Ojú ti Tàjù, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Mo dẹ́rù bà yín, mi ò sì sọ fún yín tẹ́lẹ̀."

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Kò burú, ọmọ mi. Ṣebí o wà láàyè. Mo ti bá ẹ gba àyè nínú bọ́ọ̀sì Àbíjàn. Fọkàn balẹ̀, awakọ̀ yẹn mọ eré sá."