Akèrègbè Tí Mo Fọ̀

Iṣẹ́ fìríìjì ni mo ń ṣe ní Òmù-Àrán. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Mo tú èyí tó bàjẹ́, mo tò ó padà, mo tún tú u, títí ó fi yé mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ bí a ṣe ń pọn ọtí.

Ọ̀rẹ́ mi Ọláyíwọlá ló fà á. Ó ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá ní Bẹ́ljíọ̀m, nígbà tó sì wálé, ó gbé ìgò ọtí wọn mẹ́rin wá sílé mi. Mo ti fẹ́ ju ọ̀kan sínú fìríìsà kó tó pariwo.

"Túnjí! Ṣé o fẹ́ pa á ni? Jẹ́ kó tutù bí omi àmù lásán, kó lè fọhùn."

"Ọtí tó ń fọhùn? Ìwọ ti mu yó kó o tó dé."

Ó rọra dà á sínú ife ẹlẹ́nu gbòòrò, ìfófòó funfun sì ga sókè. Nígbà tó ku bí ìwọ̀n ìka kan nísàlẹ̀ ìgò, ó dáwọ́ dúró. Ó ní ìwúkàrà ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù yẹn, pé ó ṣì wà láàyè, òun ló sì ń mú kí ọtí náà máa hó nínú ìgò lẹ́yìn tí wọ́n ti dé e. Mo gbé ife símú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n ni mo gbóòórùn, àti kànáfùrù. Mo bi í pé kí ni wọ́n kó sí i.

"Wọn ò kó nǹkan kan sí i. Ìwúkàrà ló ṣe gbogbo rẹ̀."

N kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi gbìyànjú rẹ̀ nílé. Mo rẹ ọkà bàbà, mo jẹ́ kó hù, mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo fi tẹmómítà iṣẹ́ mi wọn ooru omi rẹ̀. Ohun gbogbo ń lọ déédéé títí tó fi kan ìwúkàrà. Èyí tí mo rà láti Èkó ti kú sínú ooru ọ̀nà. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n búrẹ́dì ni ọtí náà ń rùn.

Ìgbà náà ni mo rántí Ìyá Ṣàngóbùnmi ní Èsìẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Nígbà tí bàbá mi di onígbàgbọ́, Ìyá dúró ti ohun tí wọ́n bá nílé. Òun ló ń pọn ọtí ọkà bàbà tí ẹbí fi ń bọ àwọn baba lọ́dọọdún. Mo gbé ìgò kan tó kù nínú ti Ọláyíwọlá lọ fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu, ó dijú.

"Ta ló pọn èyí?"

"Àwọn òyìnbó ni, Ìyá."

"Àwọn òyìnbó yìí kì í kánjú. Ó jọ tèmi."

Ó wọlé, ó gbé akèrègbè kékeré kan jáde. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ gbígbẹ ló lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ó nípọn bí èèpo igi. Inú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ da omi ọkà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí; bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, yóò ti máa hó. Ìyá tó bí i ló gbé e wá láti Òwu-Ìsin nígbà tó wá sílé ọkọ.

"Mú un lọ. Ṣáà dá a padà kí ọdún wa tó dé."

Ìgò méjìlá ni mo pọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, èmi àti Ọláyíwọlá ṣí àkọ́kọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀. Kànáfùrù wà níbẹ̀.

"Túnjí, o ti jí Bẹ́ljíọ̀m kó," ni Ọláyíwọlá wí.

Helen ìyàwó mi na ọwọ́. "Bàbá Success, ẹ bu díẹ̀ fún mi, kí n lè mọ ohun tí mo máa rò fún pásítọ̀." Ó mu ún, ó tún na ọwọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ti mu wọ́n tán. Mo fọ àwọn ìgò náà. Mo sì fọ akèrègbè.

Nílé wa, a kì í dá ohun àyálò padà pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ìyá mi lè fi ìpàkọ́ ọmọ gbá ògiri nítorí abọ́ aládùúgbò tí kò mọ́. Nítorí náà mo da omi gbígbóná àti Jíìkì tó ń pa kòkòrò sínú akèrègbè náà, mo kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, mo mì í títí ó fi mọ́ tónítóní, mo sá a sóòrùn. Èmi tí mo mọ̀ pé ìwúkàrà jẹ́ ohun alààyè! Mo rò pé ohun tí mo nílò ti wọnú ọtí mi; kò wá sí mi lọ́kàn pé èyí tó lẹ̀ mọ́ akèrègbè ni ti ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo gbé e dé Èsìẹ́, Ìyá wà lóko. Mo gbé e kọ́ síbi tó máa ń wà, mo fi ìgò oyin kan tì í, mo sì padà sílé pẹ̀lú inú dídùn.

Nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́rin, Ìyá pè mí lórí fóònù. "Túnjí, ọtí mi kò hó."

Mo gun ọ̀kadà lọ. Omi ọkà náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó dùn bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ìyá ti ìka bọ ẹnu akèrègbè, ó fi ra inú rẹ̀ tó ń yọ̀.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni, Ìyá."

Ó yọ ìka jáde. "Ìyá rẹ tọ́ ọ dáadáa," ló wí.

Mo bi í bóyá irú ìwúkàrà náà ṣì wà ní Òwu-Ìsin. Ó mi orí. Àwọn tó ń pọn ọtí náà níbẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ti di ọmọ ìjọ. Mo sáré padà sílé, mo yẹ ìsàlẹ̀ ìgò méjèèjìlá wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú oòrùn. Wọ́n mọ́ bí ojú dígí.

Ìwúkàrà búrẹ́dì ni mo gbé lọ fún un níkẹyìn. Ọtí hó. Ó tọ́ ọ wò, ó sì gbé igbá kalẹ̀. "Ẹ gbé e fún àwọn àlejò."

Lọ́jọ́ ọdún, omi tútù ni Ìyá dà sílẹ̀ fún àwọn baba. Àwọn ẹbí wo ara wọn lójú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan béèrè pé ọtí dà.

"Ọtí ò yọrí lọ́dún yìí," ni Ìyá dá a lóhùn, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú àwọn baba.

Kò dárúkọ mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó dárúkọ mi.