Ìlà Pupa Aago Mẹ́jọ

Kò sí ohun tó ń bí Ràfátù nínú láyé yìí tó bíírò pupa kan tí wọ́n fi òwú so mọ́ ìwé ńlá kan. Ìwé náà wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ring Road, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ orúkọ wọn síbẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n kọ aago tí wọ́n dé, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Bí aago mẹ́jọ bá ti lù báyìí, Ọ̀gbẹ́ni Akínsànyà, máníjà wọn, á jáde nínú yàrá rẹ̀, á fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ ẹni tó dé kẹ́yìn, á sì padà sídìí fáànù rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sábẹ́ ìlà, ó ti pẹ́ dé nìyẹn. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan, kúẹ́rì ni. Bí kúẹ́rì bá pé mẹ́ta, kí olúwarẹ̀ máa lọ sílé ni.

Ràfátù ti gba kúẹ́rì méjì.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, obìnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Oṣù kejì ọdún 1998 là ń sọ yìí, nígbà tí epo bẹntiróòlù di àwátì, tí bọ́ọ̀sì tó kù lójú títì kò tó nǹkan. Safiyyah, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún, ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi nítòsí ilé wọn ní Àpáta, wọn kì í sì í ṣí géètì ibẹ̀ kí aago méje tó lù. Ahmed, bàbá ọmọ, ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Aládùúgbò kan máa ń bá wọn mú ọmọ wálé lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè mú un lọ láàárọ̀ àfi Ràfátù fúnra rẹ̀. Kó tó wá fẹsẹ̀ rìn dé Odò-Ọ̀nà, kó tó du àyè nínú bọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé ogún ọkùnrin ló ń rọ́ lù ú, aago mẹ́jọ á ti lù tipẹ́.

Èyí tó dùn ún jù ni ti ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́rin niṣẹ́ wọn ń parí, ṣùgbọ́n aago mẹ́rin gan-an ni Akínsànyà máa ń rántí pé lẹ́tà kan wà tí kò lè di ọ̀la. Ràfátù nìkan ni táípíìsì tí wọ́n ní. Lẹ́tà kan á di mẹ́ta, mẹ́ta á di mẹ́fà, ilẹ̀ á sì kù díẹ̀ kó ṣú kó tó gbé báàgì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ra bíírò kankan láti fi fa ìlà sábẹ́ ìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó sáré gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà títí tí èémí rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ pin. Ìlà pupa ti wà nílẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí lóṣù náà. Simon, akọ̀wé àgbà tó máa ń jókòó ti ìwé, wò ó lójú, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ràfátù kọ ọ́ pé aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú lòun dé. Ó tún kọ aago mẹ́rin síwájú, níbi tí wọ́n ń kọ àkókò tí èèyàn lọ sílé sí, ó buwọ́ lu méjèèjì pa pọ̀. Bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Láàárọ̀ ni wọ́n ti ń buwọ́ lu ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n má baà tún máa tò sídìí tábìlì nígbà tí kálukú bá ń sáré wá mọ́tò.

Ó wá kan ilẹ̀kùn máníjà. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó sì ṣàlàyé ti géètì àti ti epo. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó fojú fo pípẹ́ òun dá. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ló tọrọ: kí òun máa wọlé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, kí òun sì máa lọ ní aago mẹ́rin ààbọ̀, títí epo á fi padà dé. Akínsànyà ní bí òun bá ṣe é fún un, lọ́la Simon á ní orúnkún ń dun òun. Ràfátù ní ṣùgbọ́n òun kì í kúrò kí aago márùn-ún ààbọ̀ tó lù, ojoojúmọ́ sì ni. Ni ọkùnrin yìí bá ní kí Simon gbé ìwé wá. Ó ṣí i, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè wá sísàlẹ̀.

“Aago mẹ́rin. Aago mẹ́rin. Aago mẹ́rin. Ọwọ́ ta nìyí?”

Ràfátù ní ọwọ́ òun ni. Ó ní gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ pé àárọ̀ làwọn ń kọ ọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin gan-an lẹ sì ń fún mi níṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, sà.”

“Ohun tó wà nínú ìwé ni mo mọ̀,” ni Akínsànyà wí, ó sì pa ìwé dé.

Ràfátù jáde. Inú bí i sí ọkùnrin náà, ó sì tún bí i sí ara rẹ̀, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń pa iṣẹ́ ara rẹ̀ rẹ́ láràárọ̀ láti ọdún mẹ́rin.

Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, máníjà kó ìwé méjì wá sórí tábìlì rẹ̀. Ìkíní ni kúẹ́rì kẹta, tirẹ̀ gan-an. Ìkejì ni ìròyìn ọdún tó gbọ́dọ̀ bá bọ́ọ̀sì aago márùn-ún lọ láti Challenge sí olú ilé iṣẹ́ wọn l’Ékòó. Àwọn ọ̀gá ọ̀hún ti kìlọ̀ fún Akínsànyà lẹ́ẹ̀mejì pé bí kò bá dé ọwọ́ àwọn láàárọ̀ ọ̀la, òun náà á rí kúẹ́rì tirẹ̀ gbà. Síbẹ̀, ó ní kí Ràfátù kọ́kọ́ tẹ ti ara rẹ̀. Èmi ò tíì rí irú rẹ̀ rí, kí wọ́n ní kí èèyàn jókòó tẹ ìwé tí wọ́n fẹ́ fi lé e. Ràfátù tẹ̀ ẹ́. Kò ṣàṣìṣe ẹyọ kan. Ó ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, ó kó méjì fún Simon, ó fi ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀ sínú báàgì, ó wá bọ́ sórí ìròyìn.

Ó ń tẹ ìlà tó kẹ́yìn ojú ewé kẹsàn-án nínú méjìlá nígbà tí aago ara ògiri lu mẹ́rin. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi bébà kẹwàá, bó ṣe mọ́ ọn lára. Ó dá a dúró. Ó parí ìlà tó wà níwájú rẹ̀, ó yọ bébà, ó fi aṣọ bo táípù, ó sì gbé báàgì rẹ̀.

Akínsànyà yọjú. “Ó ti parí?”

“Ó ku ojú ewé mẹ́ta, sà.”

“Níbo lò ń lọ?”

“Ilé ni, sà. Mo ti kọ ọ́ láti àárọ̀ pé aago mẹ́rin ni mo lọ, mo sì ti buwọ́ lù ú. Ẹ ní ohun tó wà nínú ìwé lẹ mọ̀.”

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé ó ń lọ lóòótọ́, ẹ̀rín náà kú. Ó wo aago, ó wo Simon, tí kò mọ táípù tẹ̀, ó tún wo aago. Láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti jọ wà níbẹ̀, Ràfátù lásán ló máa ń pè é.

“Ìyá Safiyyah,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni.”

“Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà ni mo tọrọ lọ́wọ́ yín láàárọ̀, sà.”

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó tó gbọ́ táípù lókè. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó tún dún. Lẹ́tà E táípù náà máa ń há, Ràfátù nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ó dúró níbẹ̀, ó di irin àtẹ̀gùn mú, títí táípù fi dákẹ́ pátápátá. Ó rántí pé ẹ̀dà kúẹ́rì náà kan wà nínú báàgì òun, àti pé ó ṣeé ṣe kí òun má níṣẹ́ mọ́ lọ́la. Kò padà sókè. Kò sí bọ́ọ̀sì kankan lójú títì, nítorí náà ó bọ́ bàtà gíga ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú báàgì, ó wọ sílípáàsì, ó sì forí lé Àpáta.