Àyà ni Ìyá Wí

Láti ọjọ́ tí Sàídátù ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ fọ ẹ̀yìn ní balùwẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì kan kókó tó le bí èkùrọ́ lábẹ́ ọmú òsì, kò sùn dáadáa mọ́.

"Má sọ fún Gàfárù o," ni ìyá wí. "Ọmọkùnrin kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmú ìyá rẹ̀."

Wọ́n wá sọ fún Gàfárù pé àyà ló ń dun ìyá. Ó ní kí wọ́n lọ rí dókítà àgbà, òyìnbó oníṣẹ́ abẹ tó ń gba aláìsàn ní Ọjọ́bọ̀ ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn Dùgbẹ̀.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde. Ilẹ̀kùn dókítà ń ṣí, ó ń padé, bí ìyẹ́ ẹyẹ tí kò rí ibi bà.

"Àga ibẹ̀ kì í gbóná nídìí èèyàn kí agogo tó dún pé kó dìde," ni obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wí.

"Ṣé ayò lẹ fẹ́ bá wọn ta ni?" ọkùnrin kan dá a lóhùn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Sàídátù kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ sí etí ìyá. "Ẹ jọ̀ọ́, tí a bá wọlé, ẹ sọ ibi tó wà gan-an."

"Mo ti gbọ́, ìyàwó."

Nígbà tí wọ́n wọlé, Akínbíyì ògbufọ̀ ló dúró ti dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin bíi Gàfárù. Ìyá kí dókítà kú iṣẹ́, ó kí i kú ọ̀nà jíjìn, ó béèrè àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ nílé. Ojú Sàídátù wà lára kálàmù dókítà.

"Wọ́n ní ara ńkọ́, Ìyá?" ni Akínbíyì wí.

"Ara le, a dúpẹ́."

Akínbíyì túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Dókítà gbé kálàmù sílẹ̀.

"Wọ́n ní kí ló wá gbé yín wá?"

Ìyá wo Akínbíyì, ó wolẹ̀. "Àyà ni."

Dókítà ki rọ́bà bọ etí, ó gbọ́ àyà ìyá láti orí bùbá, ó gbọ́ ẹ̀yìn. Ó kọ nǹkan.

"Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe àyà yín. Kí ẹ lọ gba oògùn ikọ́."

Agogo dún. Ẹni tó kàn ti yọ orí wọlé. Ìyá ti dìde, ó ń dúpẹ́, ara rẹ̀ fúyẹ́. Sàídátù kò dìde. Tó bá sọ̀rọ̀, ìyá lè má dárí jì í. Tí kò bá sọ, oògùn ikọ́ ni wọ́n máa gbé lọ bá kókó nílé.

"Kì í ṣe àyà," ó wí. "Ọmú ni. Kókó wà níbẹ̀."

"Sàídátù." Ìyá kò pariwo. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, kò pe orúkọ yẹn rí.

Akínbíyì wúkọ́, ó kọjú sí fèrèsé kó tó túmọ̀ rẹ̀. Dókítà gbójú sókè. Ó ní kí Akínbíyì bọ́ síta, kí nọ́ọ̀sì wọlé, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ìyá bọ́ bùbá fúnra rẹ̀. Kò wo ìyàwó rẹ̀.

Ìka dókítà rọra yí kókó náà ká, ó lọ sí abẹ́ abíyá, ó dúró níbẹ̀, ó tún padà. Lóde, àwọn èèyàn ti ń kùn. Dókítà kò kánjú mọ́, ìyẹn gan-an ló sì wá dẹ́rù ba Sàídátù.