Ẹni Tó Mọ̀ Mí Ládùúgbò

Ọ́fíìsì agbègbè létí òkun ni akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gba fọ́ọ̀mù ìwé ẹ̀rí ibùgbé lójú fèrèsé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá rẹ̀ dúró tì í lẹ́yìn nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n ìyá akọ̀wé lórí ìlà, obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Etí omi ló ti ń bá àwọn apẹja ha ìpẹ́ ẹja, ìpẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lápá.

Ọ̀gá yínmú. "Kí ló ń rùn báyìí? Akọ̀wé, ṣé o mọ màmá yìí ni?"

"Rárá o, sà."

Ẹnu tí obìnrin yẹn bọ́ ló mà fi sọ ọ́!

Màmá wò ó títí. Ẹni tó pọ̀n ọ́n, tó máa ń fà á létí bó bá ṣe agídí, ló wá tẹrí ba fún un: "Ẹ má bínú, sà. Ojú ló jọra." Ó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìtìjú bo akọ̀wé bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí olè. Ó fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, àmọ́ ọ̀gá rẹ̀ ṣì dúró tì í.

Ọ̀gá mú fọ́ọ̀mù náà, ó wo ibi tí wọ́n ní kí èèyàn kọ orúkọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ládùúgbò sí, ó sì kà á sókè: "Orí-ńlá, ọmọ mi. Ó ń ṣiṣẹ́ níbí."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí akọ̀wé.