Ẹkùn Ilé Sunúkà

Ẹ̀yin náà á ti fura: ẹni tó bá ń fi gbogbo ẹnu sọ bí òun ṣe burú tó láyé àtijọ́, ó ṣeé ṣe kó má burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú sùúrù fún Alàgbà Dáramọ́lá, nítorí òun kò tíì fura ní tiẹ̀. Ó dúró lójú títì ní Bẹyẹrúnkà nínú oòrùn ọ̀sán, ó wọ ṣòkòtò funfun tí ìyàwó rẹ̀ ní kó má wọ̀ lọ sí apá Ọjà'ba, ó sì ń bá ọmọbìnrin kan tó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn fa ọ̀rọ̀.

"Ibí yìí ni," ó ní. "Ibi tó o jókòó sí yẹn gan-an ni ẹnu ọ̀nà."

"Dádì, táyà ni wọ́n ń tà níbí kí n tó dé," ọmọbìnrin náà dá a lóhùn. "Kó tó di ti táyà, ilé kéú ni. Kò sẹ́ni tó gbá sunúkà níbí rí."

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Bushrah."

"Bushrah, ìyá ẹ ṣì ń rákò nígbà tí mo ń gbá sunúkà níbí. Igi máńgòrò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀hún."

Bushrah bojú wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún. Gọ́tà ló wà níbẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, sà. Ẹ ń dí kọ́sítọ́mà mi lọ́nà."

Ọlọ́kadà kan tó ń gbọ́ wọn ní ilé sunúkà kan wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè lọ́hùn-ún ni, lọ́nà Mápó. Vọkanáísà tó wà lódìkejì ní irọ́ ni, Ọ̀rányàn ló wà, wọ́n sì ti wó o. Obìnrin kan tó kàn ń kọjá lọ dúró, ó ní bóyá ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni bàbá ń wá. Nígbà tí wọ́n fi ṣàlàyé tán, orí Alàgbà ti dàrú. Ó wo gọ́tà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rí igi máńgòrò náà lójú inú rẹ̀ kedere, ó rí èso tó ń já bọ́ sórí páànù. Bí igi ọ̀hún kò bá wà níbí, níbo ló ti rí i?

Ohun tó gbé e débẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ ìsinmi àwọn ọ̀dọ́ bá ti pé, òun ni wọ́n máa ń pè síwájú ní ìjọ wọn ní Òkè Bọ́lá kó wá jẹ́rìí. Ẹ̀rí náà kò gùn nígbà tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ: ó ní òun máa ń lọ sí ilé sunúkà ní Bẹyẹrúnkà nígbà èwe òun, Olúwa sì mú òun kúrò níbẹ̀. Àwọn èèyàn ṣe àmín, wọ́n jókòó. Àmín ọ̀hún kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí ọdún yípo, sìgá wọ inú ẹ̀rí náà. Ògógóró tẹ̀lé e. Ọdún tí ìjọ ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun ni igbó wọlé, nítorí ẹ̀rọ tó ń dún bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Nígbà tó yá, Alàgbà la orí ọkùnrin kan, ó sì jẹ orúkọ: Ẹkùn. Àwọn ìyá a máa fi etí gèlè nu ojú. Kì í sì í ṣe pé ó jókòó pa irọ́ mọ́ irọ́ o. Ó ti sọ ọ́ títí tó fi ń rí i lójú àlá.

Gbogbo rẹ̀ ì bá máa lọ bẹ́ẹ̀, àfi bí ìjọ ṣe fẹ́ yan olórí fún ẹgbẹ́ tí yóò máa wàásù fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Pásítọ̀ Ìfẹ́olúwa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, sọ pé ẹni tó bá máa bá ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀, ó yẹ kó ti fojú ara rẹ̀ rí òkùnkùn. Èèyàn méjì ló kù nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ. Ọ̀kan ni Dáramọ́lá. Èkejì ni Bàbá Olúsànyà, tó ti ṣe jàǹdùkú ní gáréèjì rí, tó sì ṣẹ̀wọ̀n. Gbogbo ìjọ ló mọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́. Dáramọ́lá kò rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ rí: kéèyàn ní ẹ̀ṣẹ̀ tó pọ̀ tó yẹn, kó máa fi pamọ́.

"Kí kálukú mú ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n nígbà àìmọ̀ wá lọ́jọ́ Sunday," ni Pásítọ̀ wí. Olúsànyà ti rí tiẹ̀. Wọ́dà tó ṣọ́ ọ lẹ́wọ̀n ni.

Bushrah ló wá ṣàánú rẹ̀ níkẹyìn. "Ẹ lọ bi Alhaji Ishaq nísàlẹ̀ yẹn, sà, lẹ́bàá mọ́sálásí. Fìlà ni wọ́n ń rán. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí ni wọ́n mọ̀, àti èyí tí ò ṣẹlẹ̀."

Ishaq. Ishaq Ọlọ́wọ́ Òsì kẹ̀, tó máa ń fi ọwọ́ òsì gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni pé ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gbá a. Dáramọ́lá fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀.

Alhaji jókòó sí ìta ṣọ́ọ̀bù, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́, àwọn fìlà tó ti rán tò yí i ká. Ó yọ awò ojú. "Súnmọ́ mi kí n rí ẹ dáadáa. Háà. Dára?"

"Èmi ni, Alhaji. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Dáramọ́lá dọ̀bálẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun. "Ẹ rántí mi."

"Kí ló máa mú mi gbàgbé ẹ? Jókòó. Wo bó o ṣe sanra. Àwa tá a mú kí ilé sunúkà Sàlámì gbayì. Kò sí ọmọkùnrin kan láti Mápó dé Bẹẹrẹ tó lè dúró níwájú ọwọ́ òsì mi. Àwọn tó ń ti Ṣàbó wá, ẹkún ni wọ́n máa ń sun lọ."

Inú Dáramọ́lá dùn. Ẹni tó ń yin ara rẹ̀ báyìí, kò ní ṣòro fún un láti yin ẹlòmíràn. "Àwa méjèèjì ni, Alhaji. Ẹ̀yin àti Ẹkùn."

"Olúwa forí ji Gbénga," ni Ishaq wí.

"Gbénga wo?"

"Ẹkùn náà ni. Ọmọ Ọ̀rányàn. Kùtọnu ló kú sí."

Dáramọ́lá rẹ́rìn-ín. "Alhaji, èmi ni Ẹkùn."

Ishaq wò ó tìyanu-tìyanu. "Ìwọ kẹ̀? Ta ló sọ ẹ́ lórúkọ yẹn?"

"Bóyá àwa méjì la jẹ́ ẹ. Gbénga ni Ẹkùn Kékeré."

"Ẹkùn kan péré la ní, Dára. A ò rówó bọ́ méjì."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò pa Dáramọ́lá lẹ́rìn-ín. Ó rò pé ogbó ti ń da Alhaji láàmú ni, ó sì fẹ́ fi pẹ̀lẹ́ ràn án lọ́wọ́. "Ẹ rántí sójà tó wá lálẹ́ ọjọ́ Iléyá. Bọ́ọ̀lù dúdú nìkan ló kù fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí. Mo fi í lu ògiri tábìlì, ó padà wá, ó rọra gba àárín àwọn bọ́ọ̀lù sójà kọjá bí ìyàwó tó ń kí àna, ó sì já sínú ihò. Sójà yọ fìlà."

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn," ni Ishaq wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Gbénga ló gbá a."

"Alhaji, mo rí bọ́ọ̀lù yẹn. Mo rí ṣọ́ọ̀kì lórí igi tá a fi ń gbá a. Mo rí òógùn tó kán sórí aṣọ tábìlì. Báwo ni mo ṣe lè rí gbogbo ìyẹn bí kì í bá ṣe èmi?"

"Ṣebí ìwọ lo gbé àtùpà." Ishaq sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rántí ohun dídùn. "Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ìwọ lo máa ń gbé àtùpà gáàsì sókè fún wa. Ọwọ́ ẹ kì í gbọ̀n. Tá a bá fún ẹlòmíràn gbé, òjìji a bo gbogbo tábìlì. Láìsí ìwọ, sójà yẹn ì bá ti borí wa."

"Igi ńkọ́? Mo máa ń di igi mú."

"Bóyá. Nígbà tó o bá ń kó o pamọ́."

Dáramọ́lá ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé. "Ọkùnrin tí wọ́n la lórí ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ta sí ẹ̀wù mi. Ẹ̀wù ofeefee. Ìyẹn kì í ṣe àlá."

"Ó ta sí i. Ìwọ lo pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́."

Dáramọ́lá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó mọ bí igi sunúkà ṣe máa ń yọ̀ lọ́wọ́, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Àbí irin ọwọ́ àtùpà ni? Irin a máa gbóná, igi kì í gbóná. Ọwọ́ tó ń rántí yìí, ó ń gbóná díẹ̀. Ó sì tún lè jẹ́ oòrùn.

"Kí ni mo lè ṣe fún ẹ, Dára? O ò kàn déédéé wá."

Ó ti sọ ọ́ kó tó mọ̀: ti Òkè Bọ́lá, ti ọjọ́ Sunday, ti ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ló yára bò ó. "Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu mọ́, Alhaji. Ọ̀nà jìn. Ẹ máa sinmi tiyín."

Àṣìṣe tó ṣe gan-an nìyẹn, ọmọ Ìbàdàn sì ni. Àgbà tí èèyàn bá ní kó má ṣèyọnu nílùú yìí, ó ti gbọ́ pé kó tètè máa bọ̀.

Nílé, ó bá Comfort ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́ ilá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

"Ìyá Ẹniọlá, nígbà tí mo kọ́kọ́ wá bá ọ sọ̀rọ̀, báwo ni mo ṣe rí?"

"Ẹ wọ sáńdáàsì pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ ní ti aṣọ. Ṣé mo burú?"

Comfort gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ ní ẹ burú. Ẹ ní gbogbo Bẹẹrẹ ló ń sá fún yín. Màmá mi ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni yín, mo ní wọn ò mọ̀ yín ni. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan ń bẹ̀ mí nígbà yẹn, ó ti tutù jù fún mi. Ohun tí mo fi mú yín nìyẹn." Ó wò ó látòkè délẹ̀. "Kí ló dé? Kí lẹ fi ṣòkòtò yìí ṣe?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ó jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀. Ó pinnu pé ohun tó rọrùn jù ni kóun ní àwọn ẹlẹ́rìí òun ti kú. Gbénga ti kú, Sàlámì tó ni ilé sunúkà ti kú. Irọ́ kọ́.

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́dà Olúsànyà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Arúgbó kúkúrú kan ni. "Ó burú," ló wí. "Ó gé mi ní ìka jẹ." Ó gbé ìka náà sókè. Ìjọ hó yèè. Olúsànyà tẹ orí ba, kò wo ẹnikẹ́ni.

Ó kan Dáramọ́lá. Ó gba máìkì, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin ará, gbogbo àwọn tá a jọ wà nínú òkùnkùn yẹn, ikú ti mú wọn lọ. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan."

Ibẹ̀ ló sọ̀rọ̀ dé tí Alhaji Ishaq fi wọlé, nínú agbádá àràn àti fìlà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán fún ọjọ́ náà, ó ń kí àwọn èèyàn lọ́tùn-ún lósì. "Ẹ foríjì mí, ọkọ̀ ló dá mi dúró. Dára, mo dé o."

"Ta ni yín, bàbá?" Pásítọ̀ Ìfẹ́olúwa bi í.

"Ishaq ni. A jọ wà ní ilé sunúkà ni."

Ijó ni àwọn ọ̀dọ́ fi mú un dé iwájú. Comfort dìde lórí ìjókòó rẹ̀ kó lè ríran dáadáa. Pásítọ̀ fi máìkì lé Alhaji lọ́wọ́. "Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún wa, sà. Ẹ sọ èyí tó burú jù nínú gbogbo ohun tí Alàgbà wa ṣe."

Alhaji Ishaq wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó rí òógùn tó ń ṣàn lójú rẹ̀, ó rí bó ṣe ń fojú bẹ òun. Ó yé e pé ohun búburú ni wọ́n fẹ́ gbọ́ nínú ilé yìí, àti pé láìsí i, ojú yóò ti Dára. Èèyàn dáadáa ni Ishaq, ó sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó ti fìlà rẹ̀ síwájú, ó tì í padà sẹ́yìn. Ó ronú débi pé àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Ó wà," ó ní níkẹyìn. "Ọjọ́ kan wà tá a wà láàárín géèmù, bó ṣe gbé àtùpà sílẹ̀ nìyẹn, ó lọ sílé. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni."

Ìjọ ń retí ìyókù.

"Kí ló fà á, bàbá?" Pásítọ̀ bi í.

"Ìyá rẹ̀ ló wá mú un."