Ọkọ́ Méjì Inú Búùtù

Lucy, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìwé mọ́tò, bu ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì sára ẹ́ńjìnnì, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó sì fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tó ti sùn sábẹ́ ọ̀rá dúdú láti ọdún pípẹ́ jáde, wọ́n funfun kedere. Ó kà wọ́n sókè. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún wọn kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ́níyì kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Kábà. Ó mọ bí ojú òṣìṣẹ́ ṣe máa ń rí tó bá rí ohun tí kò yẹ kó rí. Nọ́ńbà ṣáásì ti bá tinú ìwé mu wẹ́kú, inú Ọmọ́níyì sì ti ń dùn. Ti ẹ́ńjìnnì ni kò bá a mu. Kì í ṣe pé akọ̀wé kan ṣì í kọ láyé àtijọ́ o. Nọ́ńbà méjèèjì kò jọra rárá.

Mọ́tò náà ni Píjò 404 aláwọ̀ eérú tí bàbá rẹ̀, Tísà Jethro, rà nígbà tí Kábà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. Látìgbà tí Tísà ti kú ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, tí adìẹ ń yé sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Oṣù márùn-ún gbáko ni Gbémiga mẹkáníìkì fi jí i dìde. Lónìí, ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbé e wá sí ọ́fíìsì ìwé mọ́tò kí wọ́n yẹ àwọn nọ́ńbà rẹ̀ wò, kí wọ́n sì yọ orúkọ òkú kúrò, kí wọ́n fi ti Ọmọ́níyì síbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló jẹ́ kó máa kánjú. Ìyá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, ojú rẹ̀ sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀ bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Dókítà ní èyí tó lọ ti lọ. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá tọrọ: kí wọ́n gbé òun jókòó níwájú mọ́tò ọkọ òun, kí wọ́n wa òun lọ sí Ògìdì tí wọ́n ti bí òun, kí òun rí àwọn àpáta ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí òun ṣì lè rí wọn. Ọmọ́níyì ní mọ́tò tirẹ̀, èyí tí inú rẹ̀ ń tutù bíi ti fíríìjì. Ìyá ní kó máa fi ìyẹn lọ sọ́jà. Ọ̀la ni ọjọ́ tí wọ́n jọ dá.

Lucy kì í pariwo. Ọmọ Ìgalà ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ tó le. Ó ní òun kò lè kọ mọ́tò tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti wá sí orúkọ ẹnikẹ́ni. Òfin tiẹ̀ ní kí òun gba kọ́kọ́rọ́, kí òun sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, nítorí bí mọ́tò jíjí ṣe máa ń rí gan-an nìyí.

"Mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe olè, bàbá," ó ní. "Ìwé ni kò mọ̀ yín. Aago mẹ́ta la máa ń tilẹ̀kùn. Tí ẹ bá rí ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì yìí kó tó dìgbà náà, mo ṣì wà níbí."

Ojú ti Ọmọ́níyì débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Tísà Jethro tí kì í mú ẹfun ilé-ìwé kan ṣoṣo wálé, òun ni wọ́n fẹ́ máa pè ní olè mọ́tò lẹ́yìn tó ti wọ ilẹ̀ tán. Kí Lucy lè parí àyẹ̀wò rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣí búùtù. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju àpò ìdọ̀họ kan lọ, irin ọkọ́ méjì yọ orí jáde nínú rẹ̀, ńlá kan, kékeré kan. Lucy wo ọkọ́, ó wo aṣọ funfun tí Ọmọ́níyì wọ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ọmọ́níyì ti fẹ́ kó wọn dànù nígbà tí wọ́n ń fọ mọ́tò náà, ìyá ló ní kó má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ní gbogbo ìgbà yìí, orí Gbémiga wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yọ ọ́ jáde, ó fi èékánná ha ìdí ẹ́ńjìnnì, ọ̀dà búlúù kan sì bọ́ sí i lábẹ́ èékánná. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ọmọ iṣẹ́ lòun nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí, òun ni òun mú iná lọ́wọ́ tí ọ̀gá òun fi ń tú u.

"Níyì," ó ní, "ti Mọ́mọ́dù Ìyàrà nìyí."

Orúkọ náà bá Ọmọ́níyì lójijì. Nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì, gbogbo ìsinmi Àjíǹde, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rin ilẹ̀, Tísà á kó ọkọ́ méjì sí búùtù, ńlá tirẹ̀, kékeré ti ọmọ, ó di Ìyàrà. Ní oko Mọ́mọ́dù yìí, tí òun ń pè ní Bàbá Mọ́mọ́dù, wọ́n á kọ ebè láti àárọ̀ títí ẹ̀yìn wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Bàbá Mọ́mọ́dù á jókòó sábẹ́ igi, á na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ gbọọrọ, á máa sun iṣu. Bí Ọmọ́níyì bá bi bàbá rẹ̀ pé kí ni àwọn wá ṣe ní oko olóko, èsì kan náà ni: "Àáró ni."

Ọmọ tí wọ́n bí ní Kábà mọ ohun tí àáró jẹ́. Lónìí a ṣe oko tèmi, lọ́la a ṣe oko tìrẹ, kò sí ọ̀gá, kò sí ẹrú. Ni Ọmọ́níyì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ọdún kìíní, ọdún kejì, ọdún kẹrin: Bàbá Mọ́mọ́dù kò fẹsẹ̀ tẹ oko tiwọn rí. Lọ́dún tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ju ọkọ́ rẹ̀ sáàárín poro, ó sì wí ní etígbọ̀ọ́ ọkùnrin náà pé òun kò rí irú àáró tí ẹnì kan á máa kọ ebè, tí ẹnì kejì á máa sun iṣu. Bàbá rẹ̀ kò nà án. Kò sì tún mú un lọ mọ́. Nígbà tí Bàbá Mọ́mọ́dù kú, Ọmọ́níyì gbọ́ ní Lọ́kọ́ja, kò wálé.

Ọmọ́níyì fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé Lucy lọ́wọ́. Ọ̀kadà Gbémiga ni wọ́n gùn lọ sí Ìyàrà, òun lẹ́yìn, aṣọ funfun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, bí ó ti ń tò ó ló ń tú u.

Bọ́ládé, àkọ́bí Bàbá Mọ́mọ́dù lóbìnrin, jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń gé èèbù iṣu sínú agbọ̀n. Ìborùn rẹ̀ ti funfun fún eérú tó ń fi pa ojú èèbù. Ó fi ọdún mẹ́ta ju Ọmọ́níyì lọ, ọ̀bẹ rẹ̀ kò sì dúró nígbà tó gbójú sókè.

"Okun, ẹ̀gbọ́n mi," Ọmọ́níyì kí i bí wọ́n ti ń kíra lágbègbè náà, ó dọ̀bálẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀.

"Okun o, ọmọ Tísà," ó ní. "Dìde, aṣọ ẹ funfun."

Ó jókòó, ó sì rò fún un bí ọ̀rọ̀ ti rí ní ọ́fíìsì, láìfi ohun kan pamọ́. Kí ó tó sọ ọ́ tán, Bọ́ládé ti wọlé. Ó gbé agolo bisikíìtì kan jáde, ó tú u sí ẹsẹ̀: ìwé ilẹ̀, káàdì ilé ìwòsàn, àwòrán òkú àti alààyè, àti ìwé mọ́tò kékeré kan tí ikán ti jẹ ní igun. Píjò 404, búlúù. Ọmọ́níyì mú ìwé pélébé tí Lucy kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí fún un jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìka tẹ̀lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bára mu títí dé èyí tó gbẹ̀yìn.

Bọ́ládé ní tírélà ló rún mọ́tò náà mọ́ bàbá òun lẹ́sẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́ àfi ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò Tísà pẹ̀lú, kò sí ohun tó ṣe é àfi ẹ́ńjìnnì tó ti kú. Tísà àti Mọ́mọ́dù kì í ṣe ẹbí, ibi tí Tísà ti ń kọ́ ọmọ ní Ìyàrà ni wọ́n ti mọra. Tísà bẹ Mọ́mọ́dù wò ní ibùsùn, Mọ́mọ́dù ní kó lọ yọ ẹ́ńjìnnì òun. Tísà ní kí ni òun yóò fi san án. Mọ́mọ́dù nawọ́ sí oko, ó ní ẹsẹ̀ òun kò ní lè dúró ti ebè lọ́dún yẹn.

"Ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n jọ sọ," Bọ́ládé ní. "Ọdún mọ́kànlélógún ni Tísà fi wá. Bí ohùn mọ́tò yẹn bá ti ń bọ̀ lókè, bàbá mi á ní, 'Ẹ gbọ́, ẹsẹ̀ mi ń bọ̀.'"

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àìmọye ìgbà ni Ọmọ́níyì ti pa òwe yẹn ní ọ́fíìsì, kò mọ̀ pé òun ti bá a gbé nínú poro ebè. Ó ní òun sọ ọ̀rọ̀ kan sí bàbá náà nígbà kan.

"Mo wà níbẹ̀," Bọ́ládé ní. "Bàbá mi rẹ́rìn-ín dalẹ́. Ó ní ọmọ Tísà mọ ìṣirò, tó bá padà dé, kí n sun iṣu fún un." Ó da èèbù tó kù sínú agbọ̀n. "Mi ò mọ̀ pé ó máa pẹ́ tó báyìí."

Kò bínú. Èyí ló dun Ọmọ́níyì jù. Bọ́ládé há agolo rẹ̀ mọ́ abíyá, ó wá ẹni tó ní ọ̀kadà kejì, ó sì tẹ̀ lé wọn wá sí Kábà láìbéèrè ohun tí yóò jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Nílé ẹjọ́, ó búra pé bàbá òun ló ni ẹ́ńjìnnì náà, ó sì fi í fún Tísà Jethro láàyè rẹ̀. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta lù nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Lucy. Lucy gbé bébà lé orí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ó fi pẹ́ńsù pa á títí nọ́ńbà fi hàn lórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ìbúra. Nígbà tó kù díẹ̀, ó dúró. Ó ní fọ́ọ̀mù ń béèrè bóyá rírà ni tàbí ẹ̀bùn.

"Àáró," Bọ́ládé ní.

Lucy ní kò sí èyí nínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n ṣàlàyé fún un, òun náà gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọmọ́níyì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ojú fi fẹ́ ti obìnrin náà.

Ó kọ́kọ́ wa Bọ́ládé padà sílé, ní iwájú mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì ló ń sọ̀rọ̀, ó ń kùn dẹ̀ẹ̀dẹ̀ gun òkè, Ọmọ́níyì sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ òkú méjì. Nígbà tí Bọ́ládé fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́jẹ́ bí ẹni gbá ọmọ léjìká. Lẹ́yìn ilé rẹ̀, oko ti wà ní ṣíṣán, ilẹ̀ dúdú, ebè kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Àbújá.

Kí Ọmọ́níyì tó yà wọ agboolé, ìyá ti dìde lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ́níyì fi ìwé tuntun lé e lọ́wọ́. Ìyá fi ìka wá ojú òǹtẹ̀, ó rí i, ó sì gbàdúrà díẹ̀ lábẹ́ ètè. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Bọ́ládé ti kọ ebè?"

Ọmọ́níyì kò tíì sọ fún un pé òun dé Ìyàrà. Ó ní kò tíì kọ ọ́, kò rí ẹni bá a kọ ọ́.

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi, ìyá."

"Bàbá rẹ ní kí n má sọ. Ó ní o ti ń kà á, kí n jẹ́ kí o kà á tán."

Ó padà sí ìdí mọ́tò, ó ṣí búùtù, ó sì tú àpò ìdọ̀họ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkọ́ ńlá ni ọkọ́ Tísà, igi rẹ̀ ti gbó. Ó mú kékeré. Irin rẹ̀ ni èyí tó jù sáàárín poro lọ́jọ́ náà, ó mọ ibi tó ti ṣẹ́ létí. Ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kì í ṣe igi ọmọdé. Ó gùn, ó nípọn, Tísà ti fá a dán, ó sì ti fi epo pa á kí ó má baà là. Kò sí ojú ọwọ́ kankan lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi ṣiṣẹ́ rí. Ó di í mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ kọ ebè. Ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu gẹ́gẹ́.

Ìyá pè é láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó béèrè ìgbà tí wọn yóò gbéra lọ sí Ògìdì lọ́la. Ọmọ́níyì ní kí oòrùn tó mú ni, àti pé àwọn yóò kọ́kọ́ yà ní Ìyàrà, yóò wá àga tó rọ̀ fún un lábẹ́ igi. Ìyá ní kò burú, òun á máa bá Bọ́ládé sun iṣu.

Ọmọ́níyì di ọkọ́ méjèèjì padà sínú àpò, ó tẹ́ wọn síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ó sì rọra pa búùtù dé.