Káàdì Eyínfúnjowó

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996, ní yàrá ìwé ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Bódìjà. Eruku ti sọ ìta di funfun, fáànù ń yí jẹ́jẹ́ lókè àjà, àwọn káàdì aláìsàn inú àpótí irin sì ń mì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ẹni pé wọ́n ń mí. Ìyáàfin Fọláyọ̀ Àkànmú fẹ̀yìn ti àga, ó ń wò wọ́n, ojú rẹ̀ ti ń wúwo. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lọ́nà jíjìn, kò sì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, bàbá rẹ̀ kọ́ni ní yunifásítì títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun náà sì kàwé bí ẹni pé ìwé fẹ́ tán láyé. Agbo ilé Àkànmú ní Òjé, àwọn Mùsùlùmí àtayébáyé, ló ti lọ́kọ. Òun ni ọ̀gá àgbà tó ń bójú tó gbogbo àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà, ilé-ìwòsàn mẹ́rin ni wọ́n sì ní: Bódìjà, Agbowó, Ring Road àti Challenge. Ilé-ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní Agbowó, tó bá dé Challenge, àjèjì pátápátá ni.

Àfi ìgbà tí Ògúnsànyà, agbaninímọ̀ràn tí ilé-iṣẹ́ náà gbà, dé láti Èkó. Háà, Ògúnsànyà! Ọkùnrin tí kì í bọ́ kóòtù kódà tí òógùn bá ń ṣàn wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó kó àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ring Road fún ọjọ́ méjì gbáko, ó ní ayé ti yí padà. Ó ní ohun tí ilé-iṣẹ́ bá mọ̀ nípa àwọn èèyàn rẹ̀, dúkìá ni, bí ilé àti ọkọ̀ ṣe jẹ́ dúkìá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa dáhùn fún un. Aláìsàn kan, nọ́ńbà kan, níbikíbi tó bá ti gba ìtọ́jú. Èyí tí kò bá pé, tí kò mọ́, kí wọ́n dà á nù kó má baà ba ti ìyókù jẹ́. Fọláyọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá kan ti gba oògùn kan náà ní Agbowó àti ní Ring Road rí, ó ku díẹ̀ kó gba ibẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi tẹ káàdì sínú kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ̀rin ó lé méjìlá ló ṣẹ́ kù, tí kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò gbà. “Ìdílẹ̀kẹ̀, ilé alájà méjì.” “Adúmáradán, Òjé.” “Bàbá Kékeré.” Kò sí orúkọ bàbá, kò sí ọjọ́ orí. Ògúnsànyà ní kí wọ́n dáná sun wọ́n kóun tó dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ìbuwọ́lùwé Fọláyọ̀ nìkan ló kù.

Bàbá Sùrájù, tó ti ń tọ́jú yàrá náà láti ọdún méjìlélógún, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́.

“Màdámù, èèyàn wà nínú káàdì wọ̀nyí o.”

“Bàbá, èèyàn wo ló ń jẹ́ Ìdílẹ̀kẹ̀?”

“Àwọn ìyàwó ilé ló ń mú wọn wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó ò lè dárúkọ ọmọ ọkọ ẹ̀. Orúkọ tó bá sọ wọ́n nílé náà ló ń fún wa. Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ méjì péré, màá wá wọn rí níkọ̀ọ̀kan.”

“Ọ̀la ni Ògúnsànyà ń bọ̀, Bàbá. Ibi iṣẹ́ là wà, a ò sí nílé ọkọ.”

Ẹ gbọ́ obìnrin yìí! Ọdún méjìdínlógún ló ti lò nílé Àkànmú, kò dárúkọ ọmọ kan níbẹ̀ rí, títí dórí èyí tí wọ́n ń gbé pọ̀n nígbà tó wọlé. Ṣùgbọ́n ó mú bírò, ó buwọ́ lùwé.  Bàbá Sùrájù gbé àpótí náà lọ sẹ́yìnkùlé láti dáná sun ún.

Kò pẹ́ sí i ni fóònù dún. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́fẹ́ ni, láti Challenge.

“Màdámù, àbúrò ọkọ yín wà lọ́dọ̀ wa o, Ràfátù Àkànmú. Ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ wú, ibà sì wà lára ẹ̀, agbára káká ló fi ń sọ̀rọ̀. Dókítà ní ká fún un lábẹ́rẹ́ pẹnisílìnì tó bá kàn án. Mo ti wo kọ̀ǹpútà, kò sí ìkìlọ̀ kankan.”

Inú Fọláyọ̀ dùn dénú. Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ ti wúlò fún ẹbí òun gan-an! “Tí kọ̀ǹpútà bá ti ní kò sí, kò sí nìyẹn. Ẹ bá mi tọ́jú wọn dáadáa, mo ń bọ̀ tí mo bá ṣíwọ́.”

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, oorun sì gbé e lọ.

Yàrá ìwé náà ló ń rìn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di àgbàlá ilé Òjé, àwọn àpótí irin sì ti di ìlẹ̀kùn. Lẹ́nu ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan yọjú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó fẹ́ kí wọn, kò rí orúkọ pè. Ọmọbìnrin kékeré kan sáré jáde, eyín rẹ̀ funfun kinniwin, ó gùn ún lẹ́yìn, Fọláyọ̀ sì fi ìró dì í mọ́ra. Bó ti ń rìn lọ ni ọmọ náà ń wúwo sí i. Ó bojú wẹ̀yìn. Ètè ọmọ ti wú, ojú rẹ̀ ti dí, èémí rẹ̀ ń han. Fèrèsé kan wà níwájú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan di bírò pupa mú níbẹ̀, ó ní, “Orúkọ aláìsàn?” Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ó ń wò ó lẹ́nu. Fọláyọ̀ kúnlẹ̀, ó ní, “Eyínfúnjowó ni.”

Ó ta jí. 

Kì í ṣe àlá lásán. Ó ṣẹlẹ̀! Ọdún kìíní rẹ̀ nílé ọkọ ni, níwájú fèrèsé yàrá yìí gan-an. Bàbá Sùrájù ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Wọ́n gún ọmọ lábẹ́rẹ́ pẹnisílìnì, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, Ọlọ́run ló yọ ọ́, dókítà sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ fún un mọ́ láéláé. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí káàdì. Ìyá ọkọ ti kú, ọmọ náà ò rántí, òun tó yẹ kó rántí sì ti gbàgbé pátápátá. Ràfátù ni Eyínfúnjowó.

Ó já fóònù gbà bí ẹni jà á lólè. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ló gbé e ní Challenge.

“Ẹ má fún Eyínfúnjowó lábẹ́rẹ́ o!”

“Ta ni, Mà?”

“Eyínfúnjowó! Ẹ sáré!”

Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń tẹ nǹkan tẹ̀tẹ̀tẹ̀. “Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà wa o, Mà.”

Ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò jẹ́ ìyàwó ilé rí. Ó la ẹnu, orúkọ náà dúró sọ́nà ọ̀fun rẹ̀, kò jáde. Ó rí ojú ìyá ọkọ rẹ̀ kedere. Lẹ́yìn náà ló ké tantan débi pé àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ sáré wọlé: “Ràfátù! Ràfátù Àkànmú! Ẹ má fún Ràfátù ní pẹnisílìnì!”

Ọkùnrin náà ju fóònù sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Fọláyọ̀ di fóònù mú mọ́ etí. Ó pẹ́ lójú rẹ̀ bí odindi ọdún kan kí ohùn Ọmọ́fẹ́ tó wọlé.

“Màdámù, abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi. Mo ti nu apá ẹ̀.”

Nígbà tí Fọláyọ̀ fi dé ẹ̀yìnkùlé, eérú ti ń fò káàkiri nínú ọyẹ́. Bàbá Sùrájù dá iná dúró, ó sì gbé ìyókù sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Láti iwájú àpótí ló ti ń sun wọ́n bọ̀, èyí tó ti jóná lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ti Eyínfúnjowó ti lọ.

Ní Challenge, Ràfátù jókòó sórí ibùsùn, oògùn mìíràn ni wọ́n fún un. Ohùn rẹ̀ há, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ò tán lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyàwó wa, wọ́n ní ẹ ń pariwo orúkọ mi káàkiri Ìbàdàn. Ṣé mo ti kú ni?”

Fọláyọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó bú sẹ́kún. Ràfátù gbá a mọ́ra, ó ní kò sóhun tó ṣe òun, kí ló wá ń pa á lẹ́kún?

“Mo rántí tiyín nítorí pé èmi ni mo gbé yín pọ̀n,” ni Fọláyọ̀ wí. “Àwọn ọ̀ọ́dúnrún yòókù tí mo sun lónìí ńkọ́?”

Ràfátù bi í pé àwọn wo nìyẹn. Fọláyọ̀ fẹ́ dá a lóhùn, kò sì mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn.